Àwọ̀ Ẹyin Kọ́ Ni Ẹyin: Kọ́sítáàdì Àgbọn Tí A Sè Nínú Elégédé

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìdí àdògán ni mo fẹ́ kí a jọ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àìsàn tí a ń gbé wá bá wa ní díspẹ́ńsárì, ìdí àdògán ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni à bá sì ti dá a dúró. Oúnjẹ dídùn kan ni mo fẹ́ kọ́ yín ní sísè: kọ́sítáàdì tí a fi ẹyin àti wàrà àgbọn ṣe, tí a sì sè nínú elégédé. Àwọn ará ilẹ̀ Tàílándì ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bí a ti ń sè é, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó sún mi dé ìdí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Òṣogbo yóò mọ Old Garage. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ariwo ọkọ̀ ti ń sọ níbẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà sì ti ń to igbá wọn. Ìyá tí ó ń tajà níbẹ̀ tí ó sì ní ọmọ lẹ́yìn kò ní àyè àtidá iná lọ́sàn-án. Láti ilé ni yóò ti da omi gbígbóná lu kọ́sítáàdì, tí yóò rọ ọ́ sínú fúláàsì. Òun ni ọmọ yóò sì máa mu títí di alẹ́. Ilé wo ni a kò ti ní rí rọ́bà kọ́sítáàdì? Bí èyí tí ó wà nínú rẹ̀ bá tán, iyọ̀ tàbí gààrí ni a ń kó sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọmọ kan tí ń ta búrẹ́dì gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ náà ti lé ní ọdún 1 àbọ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, mà. Ó ń sanra, ṣùgbọ́n kò lágbára, kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́.” Mo wo ojú ọmọ náà, ó wú. Mo wo irun orí rẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́, ó sì ti pọ́n rúsúrúsú. Mo wá fi àtàńpàkò mi tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo ka 1, 2, 3, mo sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tí mo tẹ̀ jìn wọlé, kò sì tètè padà. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ náà kò sanra rárá. Omi ni ó kún ara rẹ̀.

Mo béèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ. Ó ní, “Kọ́sítáàdì ni, mà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.” Lẹ́yìn náà ni ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ kí ọmọ jẹ ẹyin. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò ya olè. Ni mo bá ń fún un ní kọ́sítáàdì, kí ẹyin inú rẹ̀ lè máa wọ̀ ọ́ lára láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Fún oṣù bíi mélòó kan ni obìnrin yìí ti ń fi ọgbọ́n àti ìbẹ̀rù jìjà nítorí ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyin kankan nínú ohun tí ó ń fún ọmọ rẹ̀. N kò lè bá a wí. Kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èmi náà ti gbà gbọ́ pé ẹyin ni ó mú kí kọ́sítáàdì pọ́n bí inú ẹyin.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìwé yìí tán kí ó wá rò pé oúnjẹ tí mo fẹ́ kọ́ yín ni oògùn ẹsẹ̀ wíwú. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ojú ibi tí a tẹ̀ sì jìn, ilé ìwòsàn ni ibi tí ó yẹ kí ó wà ní ọjọ́ náà, kì í ṣe ìdí àdògán. Wọ́n ní wàrà àkànṣe tí wọ́n ń bù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti oògùn tí wọ́n ń lò sí i. Bí a bá kó oúnjẹ tí ó wúwo fún un lójijì, ó lè pa á. Ohun tí mo ń kọ yìí wà fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, kí ó má bàa dé ibẹ̀, àti fún ọmọ tí ilé ìwòsàn bá ti dá padà sílé.

ÀRÙN ỌMỌ TÍ A JÁ LẸ́NU ỌMÚ

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ara wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Ní ọdún 1935 ó lo orúkọ tí àwọn ará Gã fi ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, ìyẹn àìsàn tí ń mú ọmọ tí a ti lé kúrò ní àyè rẹ̀ nítorí àbúrò tí ó dé. Ẹ rí i pé àwọn ìyá ti mọ ọ̀nà tí àìsàn yìí ń gbà wọlé kí dókítà tó dé: a já ọmọ lẹ́nu ọmú, a sì fi oúnjẹ oníyẹ̀fun nìkan dí i. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé àìsàn náà jù àìtó purotéènì nìkan lọ, nítorí pé àrùn ara bí ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi a máa dá kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí nǹkan mìíràn ju omi àgbàdo lọ ni ilẹ̀ ti tẹ́ sílẹ̀ fún.

Ní ìtòsí wa níhìn-ín ni a sì ti kọ́ ayé bí a ti í tètè rí i. Ní ọdún 1956, Dókítà David Morley dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń tọpa ìdàgbà àwọn ọmọ láti ìgbà tí a bá bí wọn. Láti ibẹ̀ ni káàdì tí a ń fi ilà fa ìwọ̀n ọmọ sí ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, èyí tí òyìnbó ń pè ní “Ọ̀nà sí Ìlera”. Bí ilà náà bá ń gòkè, ọmọ ń ṣe dáadáa. Bí ó bá dúró sójú kan fún ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, ewu ti ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi káàdì ọmọ yín sí abẹ́ àpótí. Ẹ mú un dání nígbàkúgbà tí ẹ bá ń bọ̀.

IBI TÍ KỌ́SÍTÁÀDÌ INÚ RỌ́BÀ TI WÁ

Kọ́sítáàdì àtijọ́ ti àwọn òyìnbó, ẹyin àti wàrà màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹyin ni ó ń mú un dì, òun náà ni ó ń fún un ní àwọ̀. Ní ọdún 1837, apòògùn kan ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Bird, ní ìyàwó tí ara rẹ̀ kò gba ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà fẹ́ràn kọ́sítáàdì. Ọkọ rẹ̀ wá lo ìyẹ̀fun àgbàdo dípò ẹyin, kí obìnrin náà lè rí i jẹ. Ìyẹ̀fun náà ni baba-ńlá èyí tí ó wà nínú rọ́bà wa lónìí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: nítorí kí ẹyin má bàa wà nínú rẹ̀ ni a ṣe dá a sílẹ̀! Ẹ yí rọ́bà tí ó wà nílé yín po, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni ẹ ó rí, àti iyọ̀, àti ohun tí ń fún un ní òórùn dídùn, àti àwọ̀. Àwọn mìíràn a máa fi fítámì díẹ̀ sí i, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ògì ni kọ́sítáàdì oníyẹ̀fun. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú mímu rẹ̀. A ń fún ara ní agbára. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí a máa fi òun nìkan tọ́ ọmọ, kí a sì rò pé a ti fún un ní ohun tí ń mú ara dàgbà.

KỌ́SÍTÁÀDÌ ÀWỌN ARÁ TÀÍLÁNDÌ

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Nígbà tí mo ròyìn ọmọ yìí fún un, ó ní òun ti jẹ kọ́sítáàdì kan ní ilé nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ òun, ọmọ ilẹ̀ Tàílándì, ilẹ̀ tí a mọ̀ nítorí ìrẹsì wọn tí ó ti kún ọjà wa rí. Ó ní kò sí wàrà màlúù nínú rẹ̀, kò sì sí ìyẹ̀fun: ẹyin, wàrà àgbọn, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ni sangkhaya. Bí wọ́n bá sè é nínú elégédé, wọn a pè é ní sangkhaya fak thong. Ó kọ bí wọ́n ti ń sè é ránṣẹ́ sí mi.

Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé obìnrin kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Potogí àti ti Jàpáànù lára, Maria Guyomar de Pinha, tí ó gbé ní ìlú Ayutthaya láyé ọba Narai, ní nǹkan bí ọdún 1680 sí 1690, ni ó kọ́ àwọn ará ilẹ̀ náà ní oúnjẹ dídùn tí a ń fi ẹyin ṣe. Ẹyin dé láti òkè òkun, ó bá àgbọn nílé, àwọn méjèèjì sì di oúnjẹ ilẹ̀ náà. Kí ni ó dé tí kò fi lè di tiwa? Àgbọn ń ti Badagry wá sí ọjà wa. Elégédé ń hù ní oko wa. Ìkòkò tí a fi ń se mọ́ín-mọ́ín wà nílé gbogbo wa, iṣẹ́ tí ìkòkò náà sì ń ṣe ni a fẹ́ kí ó ṣe.

OHUN TÍ A Ó LÒ

Elégédé kékeré kan tí ó le, tí kò ní ojú egbò, tí ó wọn bíi kílò 1 sí kílò 1 àbọ̀. Ẹyin adìẹ 4. Àgbọn gbígbó kan. Ṣúgà ṣíbí ìjẹun 4. Iyọ̀ ìfọwọ́mú kékeré kan. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín, bíi 6. Àwọn ará Tàílándì ní ewé tiwọn tí wọ́n ń lò fún òórùn dídùn. Èmi fi ewé eéran dípò rẹ̀, ó sì ta sánsán bó ti yẹ.

BÍ A Ó TI SÈ É

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín. Ẹ mi àgbọn létí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìró omi nínú rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì tọ́ omi inú rẹ̀ wò. Bí ó bá kan tàbí tí ó ń rùn, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ nù. Omi yìí kọ́ ni wàrà àgbọn. Wàrà àgbọn ni èyí tí a ó fún lára ẹran rẹ̀. Ẹ rin ẹran àgbọn náà lórí gírétà tí a fi ń rin ilá, ẹ da ife omi gbígbóná kan lé e, ẹ jẹ́ kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Ife kan tí ó ki ni a fẹ́.

Ẹ fọ elégédé lóde. Ẹ gé orí rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, ẹ fi ṣíbí ha kóró àti okùn inú rẹ̀ kúrò. Ẹ má da kóró náà nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ yan án, ó dára ní jíjẹ.

Ẹ fọ́ ẹyin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwo kékeré kí ẹ tó dà á pọ̀, kí ọ̀kan tí ó bàjẹ́ má bàa ba ìyókù jẹ́. Ẹ fi fọ́ọ̀kì lu ẹyin pẹ̀lú iyọ̀ títí funfun àti pupa rẹ̀ yóò fi di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má lù ú títí yóò fi yọ ìfófó. Ẹ da wàrà àgbọn tí ó ti tutù sí i, nítorí pé bí ó bá gbóná yóò mú kí ẹyin ṣù. Ẹ tún fi asẹ́ sẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ní àkókò yìí, kí ṣúgà tó wọ̀ ọ́, ẹ bu ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 sínú ife kékeré kan sọ́tọ̀. Àgbọn ní adùn tirẹ̀, ọmọ kékeré kò nílò ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ po ṣúgà mọ́ ìyókù títí yóò fi yọ́, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú elégédé. Ẹ má jẹ́ kí ó kún dé etí, nítorí pé yóò ru sókè díẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ rọ ọ́ sínú ife mìíràn.

Ẹ to pòpórò ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò bí ẹ ti ń ṣe fún mọ́ín-mọ́ín, ẹ da omi sí i kí ó má ju pòpórò náà lọ, ẹ gbé elégédé àti àwọn ife lé e, ẹ fi ewé bo ojú wọn, kí ẹ sì dé ìkòkò. Ẹ gbé ọmọrí elégédé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òun náà jinná. Bí omi bá ti hó, ẹ dín iná kù kí ó máa hó jẹ́jẹ́. Ife kékeré lè gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 25. Elégédé yóò gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹ máa yẹ omi ìkòkò wò kí ó má gbẹ. Láti mọ̀ bóyá ó jinná, ẹ ti ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín kọ́sítáàdì náà. Bí ọ̀bẹ bá jáde láìní omi ẹyin lára, tí elégédé sì rọ̀, ó ti jinná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó gé e bí a ti ń gé ìbẹ́pẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tú.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bà á jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n sè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo fún wàrà àgbọn ní alẹ́, mo gbé e sórí tábìlì títí di òwúrọ̀. Nígbà tí mo máa ṣí i, ó ti kan. Wàrà àgbọn kì í dúró. Kòkòrò àrùn fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ti fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fún un ni kí a sè é. Ní ìgbà kejì, ìkánjú mú mi, mo yí iná gáàsì sókè pátápátá. Elégédé là, kọ́sítáàdì inú rẹ̀ sì di kàn-ìn-kàn-ìn oníhò, omi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹyin tí a pò mọ́ wàrà a máa dì nígbà tí ooru rẹ̀ bá tó ìwọ̀n 80 sí 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni omi a máa hó ní 100. Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹyin yóò fún ara rẹ̀ pọ̀, yóò sì tu omi inú rẹ̀ jáde. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

OORE RẸ̀ ÀTI ÌWỌ̀N RẸ̀

Ẹyin adìẹ kan ní purotéènì tó bíi gíráàmù 6, ó sì jẹ́ irú èyí tí ara ọmọ lè lò dáadáa. Elégédé tí inú rẹ̀ pọ́n ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, tí ń ran ojú lọ́wọ́ láti ríran ní àṣálẹ́, tí ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Ọ̀rá ni ó sì ń mú kí ara rí ohun náà gbà; ọ̀rá yìí wà nínú àgbọn. Nítorí náà, àwọn mẹ́ta yìí bá ara wọn mu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa. Wàrà àgbọn kì í ṣe wàrà ọmú, kì í sì í ṣe wàrà màlúù. Ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Purotéènì rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì ní kálísíọ́mù bíi ti màlúù. Ẹyin ni òṣìṣẹ́ nínú oúnjẹ yìí. Ẹ ka ẹyin náà: bí ẹyin 4 bá wà nínú rẹ̀ tí ọmọ 4 sì jẹ ẹ́ dọ́gba, ẹyin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ. Bí ènìyàn 10 bá pín in, adùn lásán ni ó kàn wọ́n.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ni oúnjẹ àti omi rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ó lè jẹ ẹyin tí ó jinná dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan ní òwúrọ̀. Bí ara rẹ̀ bá sú, tàbí tí ètè rẹ̀ wú, tàbí tí ó ń bì léraléra, ẹ dúró, kí ẹ sì gbé e wá. Bí mímí bá ṣòro fún un, ẹ sáré. Ẹ má fi oyin dípò ṣúgà fún ọmọ tí kò pé ọdún 1, nítorí kòkòrò kan tí ó lè wà nínú oyin tí ara ọmọ ọwọ́ kò lè bá jà. Àgbàlagbà tí ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó yàgò fún èyí tí ó ní ṣúgà. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ ọ̀rá fún, díẹ̀ ni kí ó jẹ.

Ẹ má gbé e sínú fúláàsì lọ sí ọjà. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta. Bí ẹ bá ní fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ kejì tó pé. Bí ẹ kò bá ní, ẹ sè é ní ìwọ̀n èyí tí ilé yóò jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọwọ́ ń tó ẹyin àti àgbọn. Ẹni tí kò bá rí wọn rà kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Ẹ po ẹ̀pà lílọ kúnná, tàbí ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀ tí a sì lọ̀, tàbí sóyà tí a ti sè, mọ́ ògì ọmọ bí ó ti ń hó lórí iná. Mọ́ín-mọ́ín rírọ̀ náà dára púpọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àgbàdo má ṣe máa dá wọ inú ọmọ.

NÍPA Ọ̀RỌ̀ OLÈ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìwòsàn dá ọmọ náà padà sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọn, ojú rẹ̀ sì ti jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá fún wíwọ̀n, ìyá ọkọ obìnrin náà bá wọn wá. Mo ti bẹ ìyá ọmọ pé kí ó má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ mọ́, nítorí pé ibi tí a ti ń fi oúnjẹ ọmọ pamọ́ fún ara wa ni àṣìṣe ti ń rí àyè wọlé.

Ìyá àgbà jókòó, ó ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ní kí ọmọ mi máa jẹ ẹyin.”

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ ẹ.”

Wọ́n ní, “Nígbà tiwa, ẹyin ni adìẹ, adìẹ ni owó. Ọmọ tí ó bá mọ adùn ẹyin, kì í jẹ́ kí adìẹ ó pamọ.”

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Adìẹ mélòó kan lẹ́yìn ilé ni owó ilé nígbà náà, ọmọ tí ó bá ń tọ ìtẹ́ adìẹ lọ sì ń ba ilé jẹ́. Mo ní, “Ìyá, òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ọjà ni a ti ń ra ẹyin báyìí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín bù ú fún un. Ohun tí a bá fún ọmọ, kò ní jí i.”

Wọ́n wò mí títí, wọn kò sọ nǹkan kan. Mo ti se kékeré kan wá láti ilé, mo gbé e síwájú wọn, mo sì sọ fún wọn pé ẹyin 4 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, “Elégédé yìí mà dùn.” Wọ́n tún tọ́ ọ wò. Nígbà tí ó yá, wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyàwó wọn, wọ́n gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọ́n sì bù ú sí i lẹ́nu fúnra wọn.

N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ mi tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ilà inú káàdì ọmọ náà ń gòkè. Kí ẹ̀yin náà yẹ káàdì ọmọ yín wò lónìí, kí ẹ sì ka ara rọ́bà tí ó wà lórí pẹpẹ yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn ọmọ wa yóò yè o.